Ègé Irin Tí Kò Ní Àmì

                                                            Yàrá Ìwọ̀n, Ìsàlẹ̀ Ilé,
                                                            Ilé Àyẹ̀wò Irin àti Òkúta,
                                                            Ẹ̀yìn Ilé Ìfìwéránṣẹ́.
                                                            Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kọkànlá.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, Ọwọ́-Òwú,

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú àtijọ́. Ṣé ara rẹ le? Ọkọ rẹ ńkọ́? Ọmọ ńkọ́, tí mo gbọ́ pé ó ti ń ka gbogbo ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn páálí ọṣẹ sókè ketekete? Ìyá wa ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti gbà kí wọ́n máa gun àtẹ̀gùn? Ojú ìwọ fúnra rẹ ńkọ́, tí o fi ń gé dígí awò fún ojú ẹlòmíì láti àárọ̀ dalẹ́? Mo mọ̀ pé bí mo ṣe ń to ìkíni lé ìkíni yìí, o ti ń sọ lọ́kàn rẹ pé ẹ̀gbọ́n mi ti tún bẹ̀rẹ̀. Òótọ́ ni. Ẹni tí kò kí èèyàn fún ọdún mẹ́fà, lọ́jọ́ tó bá rántí kí i, ìkíni á kún ẹnu rẹ̀ débi pé kò ní mọ èyí tó máa kọ́kọ́ tú jáde. Ara tèmi le, a dúpẹ́. Ọkàn mi ni kò balẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n wa awakọ̀ ló fún mi ní àdírẹ́sì rẹ. Má fi ojú burúkú wò ó. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi bẹ̀ ẹ́, ó ń sọ pé o ti kìlọ̀ fún òun, pé òun ò fẹ́ wàhálà. Ìgbà tó rí i pé omi ti ń bọ́ lójú mi lórí àga ọkọ̀ rẹ̀ ló sáré kọ ọ́ sẹ́yìn rísíìtì epo, ó ní kí n gbà, kí n sì sọ̀ kalẹ̀, pé àwọn èèyàn ti ń wo òun bí ẹni tó lu obìnrin. O mọ bó ṣe máa ń ṣe.

Mo ní ẹ̀bẹ̀ kan kí n tó lọ síwájú. Jọ̀ọ́, má ṣe dá lẹ́tà yìí kà. Pe Ìyá wa kí wọ́n jókòó, kí ọkọ rẹ sì bá wa kà á sókè. Níwájú èèyàn mọ́kànlá ni mo ti fi ẹnu ara mi bà ọ́ lórúkọ jẹ́, kò yẹ kí n wá máa túúbá ní kọ̀rọ̀. Nítorí náà, níbi tí mo bá ti ń ṣàlàyé ohun tí ìwọ mọ̀ jù mí lọ, ṣe sùúrù fún mi. Ìyá tó bí ọ ni mo ń sọ ọ́ fún, àbúrò ìyá mi, tó gbà mí tọ́ nígbà tí ìyá tèmi kú, tó tẹ́ èmi àti ìwọ sórí ẹní kan náà, tí kò sì jẹ́ mi lóhùn mọ́ láti ọdún mẹ́fà. Wọ́n jàre.

Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi. Ẹ ti bi àwa méjèèjì léèrè rí pé kí là ń fi irin ṣe nínú yàrá tí kò ní iná àgbẹ̀dẹ. Ẹ ní àbí à ń bá irin sọ̀rọ̀ ni. A rẹ́rìn-ín yín lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ẹ ò jìnnà sí òótọ́. Bí ilé iṣẹ́ kan bá fẹ́ mọ irú irin tó wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n á fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí wa. Ọmọ yín á fi ayùn tín-ín-rín gé e sí onígun kékeré tí kò tó ìdajì hóró ṣúgà, á wá máa fi sáńpépà dán an títí gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á fi dọ́gba. Iṣẹ́ yẹn gba sùúrù ju kíkọ́ ọmọ ní ìrìn lọ. Bí ọwọ́ bá wúwo díẹ̀ péré, irin á sán nínú, ojú ò sì ní rí i. Nítorí pé ọwọ́ tirẹ̀ kì í wúwo ni gbogbo ilé iṣẹ́ fi ń pè é ní Ọwọ́-Òwú.

Lẹ́yìn ìyẹn ló máa kàn mí. Màá fi ẹ̀mú kékeré gbé ègé náà sáàárín ẹnu ẹ̀rọ méjì. Á fi ṣóńṣó igun kan dúró lórí ẹnu ìsàlẹ̀, ẹnu tó wà lókè á sì fara kan igun kejì. Kò gbọdọ̀ fún mọ́ ọn. Ẹnu ìsàlẹ̀ á máa kọrin sí i lára, ohùn tó tín-ín-rín débi pé etí ajá pàápàá ò lè gbọ́ ọ, á sì máa gbé ohùn náà ga sí i díẹ̀díẹ̀. Ẹnu kejì á máa tẹ́tí. Ìgbà tí ohùn náà bá ṣe déédéé ohùn tí irin fúnra rẹ̀ ní, irin á dáhùn, á gbọ̀n rìrì, òkè kékeré kan á sì yọ lójú kọ̀ǹpútà. Ibi tí àwọn òkè yẹn bá dúró sí la fi ń mọ bí irin ṣe le tó, bó ṣe ń tẹ̀ àti bó ṣe ń padà sípò. Ṣùgbọ́n à ń wo ìbú òkè náà pẹ̀lú. Bó bá rí tẹ́ẹ́rẹ́, irin náà ń di ohùn mú, kì í tètè gbàgbé. Bó bá sanra, nǹkan kan wà lára rẹ̀ tó ń gbé ohùn mì. Ó lè jẹ́ ìwà irin náà bẹ́ẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé ó ti sán.

Àlàyé tán, ó ku ẹ̀ṣẹ̀.

Àbúrò mi, o rántí irin aláwọ̀ ìyeyè tí àwọn tó ń ṣe òṣùwọ̀n fi ránṣẹ́. Irin tí ohùn ń pẹ́ lára rẹ̀ ni wọ́n ń wá, nítorí nínú òṣùwọ̀n wọn, irin kan ló máa ń gbọ̀n, ìgbọ̀n rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń mọ bí ẹrù ṣe wúwo tó. Àwọn tó da irin náà ti búra pé kò sí irú rẹ̀ ní gbogbo ayé. O gé ègé méjìlá fún mi. Mo wọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Líle wọn pé, kò lé, kò dín. Ṣùgbọ́n òkè tó yọ, gbogbo wọn pátá ló sanra bí ikùn Ọ̀gá wa. Ohùn kì í pẹ́ lára wọn rárá. Àwọn tó da irin náà gba ìwé wa, wọ́n ní irọ́ ni, pé irin àwọn ò rí bẹ́ẹ̀, pé ká wo ara wa wò.

Ni Ọ̀gá bá pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ó ní bí kì í bá ṣe irin, ó ní láti jẹ́ gígé tàbí wíwọ̀n, pé kí n ronú dáadáa kí n tó dáhùn. Mi ò ronú. Mo ní, “Ọwọ́ tèmi mọ́, sà.” Bí mo ṣe sọ ọ́ nìyẹn, bí ẹni tó ń sọ pé ilẹ̀ ti mọ́. Ọ̀gá bi mí bóyá mo ti yẹ àwọn ègé náà wò lábẹ́ awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá. Mo ní irú sísán bẹ́ẹ̀ kì í hàn lábẹ́ awò, pé inú lọ́hùn-ún ló máa ń wà. Mo mọ ọ̀rọ̀ sọ lọ́jọ́ náà. Bí Ọlọ́run bá ti bá mi di ahọ́n mú fún wákàtí kan péré, nǹkan ò bá máà rí báyìí.

Kí a tó ṣe ìpàdé ọjọ́ Ajé, o dá mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. O ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká nù wọ́n dáadáa, ká tún wọn wọ̀n.” Mo gbọ́ ọ ketekete. Mo sì dá ọ lóhùn pé ṣé abọ́ ìjẹun ni wọ́n ni, pé ẹni tó bá ti ba nǹkan jẹ́, kó gbà pé òun bà á jẹ́, kó yé wá ọ̀nà àtifi àkókò ṣòfò. O wo ilẹ̀. O gba ife omi rẹ, o sì kọjá lọ. Ẹyin lọ̀rọ̀, wọ́n ní bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mo ti mọ òwe yẹn láti kékeré, lẹ́nu Ìyá wa náà ni mo ti kọ́ ọ, síbẹ̀ mo sọ ẹyin mọ́lẹ̀ lójú ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sì rìn kọjá lórí rẹ̀.

Ní ìpàdé, mo dìde ka ìwé mi. Ìwọ jókòó létí fèrèsé, o kó ìbọ̀wọ́ rẹ sórí itan. Mo ka ibi tí mo kọ ọ́ sí pé àṣìṣe náà wá láti ọwọ́ ẹni tó gé e. Ọ̀kan nínú àwọn akọ̀wé ní, “Áà, Ọwọ́-Òwú ti di Ọwọ́-Òkúta.” Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Àbúrò mi, nínú gbogbo ohun tí mo ṣe, èyí ló ń jí mi lóru. Mo lè sọ pé mi ò mọ̀ nípa ìyókù, ṣùgbọ́n kò sí àìmọ̀ kankan nínú ẹ̀rín.

Wọ́n gbé ọ lọ sí sítọ́ọ̀, o ń to bóòtù àti nọ́ọ̀tì sínú agolo. Oṣù kẹrin, o kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Ọjọ́ tí o ń lọ, o kan ilẹ̀kùn yàrá mi, o kúnlẹ̀ díẹ̀ bí o ṣe máa ń ṣe, o gbé àpò ìwé funfun kan sórí tábìlì, o ní kí n bá ọ wo ohun tó wà nínú rẹ̀. Mi ò gbé ojú kúrò lára kọ̀ǹpútà. Mo ní kí o fi síbẹ̀. Ìgbà tí o jáde, mo fọwọ́ tẹ àpò náà, ohun líle kékeré kan wà nínú rẹ̀, mo ní kọ́kọ́rọ́ àgádágodo rẹ lo dá padà. Mo jù ú sínú dúrọ́ọ̀. Bí mo ṣe sìn ọ́ kúrò níbi iṣẹ́ tí èmi fúnra mi mú ọ wọ̀ nìyẹn.

Láti ìgbà náà, mo gbọ́ pé o bímọ, mi ò wá. Mo ra aṣọ ọmọ, ó wà nínú àpótí mi di òní, ọmọ tí mo rà á fún ti ga ju tábìlì lọ. Mo rí ọ lẹ́ẹ̀kan. Ìwọ ò rí mi. Mo ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù àwọn aláwò ojú yẹn, o dúró lẹ́yìn dígí, o gbé awò kan sókè síbi ìmọ́lẹ̀, o ń yí i wò pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, o di ojú kan, o yọ ahọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu, bí o ṣe máa ń ṣe nígbà tí o bá ń dán irin. Mo yà sí òdì kejì títì. Mo sọ fún ara mi pé ìwọ ló yẹ kí o wá bá ẹ̀gbọ́n rẹ. Wo ẹnu mi!

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni wọ́n ní ká kó yàrá ìwọ̀n lọ sí ìsàlẹ̀ ilé, kí ìró àtẹ̀gùn má bàa máa da ẹ̀rọ láàmú. Ni mo bá ń tú dúrọ́ọ̀. Àpò ìwé rẹ lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ibẹ̀ láàárín wáyà àti bátìrì tó ti kú. Kọ́bọ́ọ̀dù tí mo rò pé kọ́kọ́rọ́ náà wà fún, wọ́n ti gbé e sọnù tipẹ́. Ó kù díẹ̀ kí n ju àpò náà sínú garawa ìdọ̀tí. N kò mọ ohun tó ní kí n ya á. Ègé irin kan ló bọ́ sí mi lọ́wọ́, ìwé funfun ni o fi wé e, ìwọ ò sì kọ nǹkan kan sára ìwé náà. Mo mọ irin náà lójú ẹsẹ̀. Mo lọ gbé páálí àwọn ègé ìgbà yẹn sílẹ̀ láti orí pẹpẹ, mo ka ohun tó wà nínú rẹ̀. Mọ́kànlá ni. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ní páálí ègé méjìlá nílé ìwọ̀n, mi ò kà á rí!

Ọ̀sán ni, àwọn yòókù ti lọ jẹun, a ò sì tíì tú ẹ̀rọ náà palẹ̀. Mo gbé ègé rẹ sí i. Mo rò pé ikùn Ọ̀gá náà ni màá tún rí. Òkè tó yọ lójú kọ̀ǹpútà, tẹ́ẹ́rẹ́ bí abẹ́rẹ́. Mo rò pé ẹ̀rọ ti ń ṣe ségesège, mo gbé e kúrò, mo tún gbé e sí i. Abẹ́rẹ́ ni. Màá sọ òótọ́ fún ọ: ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé o lọ gé òmíràn tó dára ní ìkọ̀kọ̀ kí o lè fi dójú tì mí. Bí ọkàn mi ṣe burú tó nìyẹn, kódà lọ́jọ́ náà. Ìgbà tí mo wá gbé ọ̀kan nínú mọ́kànlá yòókù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lábẹ́ iná ni mo rí ìyàtọ̀ kan ṣoṣo tó wà láàárín wọn. Ti inú páálí ní àmì pupa kékeré lórí. Tìrẹ kò ní.

Ìyá mi, ẹ rántí kútẹ́ẹ̀sì pupa tí ọmọ yín rà fún mi nígbà tó kọ́kọ́ gba owó oṣù. Ẹ ní ó mọ́lẹ̀ jù fún ọwọ́ mi, èmi náà ní èmi kì í ṣe ìyàwó tuntun. Ṣùgbọ́n ẹ̀bùn àbúrò mi ni, mi ò lè jù ú nù, mo gbé e lọ síbi iṣẹ́. A nílò àmì lórí gbogbo ègé, ká lè mọ igun tó yẹ kó wà lókè. Pẹ́ńsù máa ń parẹ́. Ni mo bá ń fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré inú ìgò náà kan igun kan lára ègé kọ̀ọ̀kan tó, tó, tó. Inú mi dùn sí ọgbọ́n náà. Ọdún méjì ni mo fi ń ṣe é lórí òkúta, lórí sìmẹ́ńtì, lórí amọ̀ sísun, kò sí wàhálà, nítorí àwọn nǹkan wọ̀nyẹn ti ń gbé ohùn mì tẹ́lẹ̀. Bí ọmọdé kan bá ké láàárín ọjà, ta ló máa gbọ́? Ṣùgbọ́n irin yìí dákẹ́ rọ́rọ́, ohùn sì ń pẹ́ nínú rẹ̀. Ẹ̀kán kútẹ́ẹ̀sì kan lára rẹ̀ dà bí ìgbà tí ife dígí bá ń dún, tí èèyàn wá fi ìka kàn án. Ìka tèmi ló wà lórí ife náà. Irin ò ṣẹ̀, ayùn ò ṣẹ̀, ọmọ yín ò sì ṣẹ̀.

Mo ra omi tí wọ́n fi ń nu kútẹ́ẹ̀sì ní ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀. Mo nu ègé kìíní, mo wọ̀n ọ́n, abẹ́rẹ́. Mo nu ìkejì, abẹ́rẹ́. Nígbà tí mo dé orí ìkẹfà, mi ò rí ojú kọ̀ǹpútà mọ́, omi ti bo ojú mi. Síbẹ̀ mo ṣe mọ́kọ̀ọ̀kànlá. Ẹ̀bùn tí o fi owó oṣù rẹ àkọ́kọ́ rà fún mi ni mo fi bà ọ́ jẹ́, mo sì ń pa ìdérí rẹ̀ dé dáadáa lójoojúmọ́ kó má bàa gbẹ.

“Ẹ jẹ́ ká nù wọ́n.” O ti mọ̀. Láti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ omi yẹn lo ti mọ̀. Mo kọ́kọ́ bínú pé kí ló dé tí ìwọ ò là á mọ́ mi lórí, tí ìwọ ò lọ bá Ọ̀gá kí o ní àmì ẹ̀gbọ́n mi ló fa á. Ó pẹ́ kó tó yé mi. Bí o bá ti sọ ọ́ níwájú Ọ̀gá, èmi ni wọn ì bá gbé lọ sí sítọ́ọ̀. O nu ọ̀kan, o wé e sínú ìwé, o gbé e wá fún mi, kí n lè fi ojú ara mi rí i, kí n sì fi ẹnu ara mi sọ ọ́. Àṣírí mi lo fẹ́ bò, lọ́jọ́ tí èmi tú tìrẹ tí kì í ṣe òótọ́ síta. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Ti èmi burú ju ìyẹn lọ. Oṣù kẹrin péré ni òtítọ́ ti wá bá mi, èmi ni mo tì í mọ́ dúrọ́ọ̀.

Mo lọ bá Ọ̀gá. Ó gbọ́ mi tán, ó fọwọ́ pa ikùn rẹ̀, ó ní ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́, pé àwọn tó ń ṣe òṣùwọ̀n ti lọ ra irin níbòmíràn, pé orúkọ mi ló wà lókè láti jẹ́ olórí yàrá tuntun, kí ni mo fẹ́ fi àpá tó ti jinná ṣe? Mo ní kò jinná lára ẹni tó ni ín. Mo kọ ìwé tuntun sí àwọn tó da irin náà, mo kọ sí àwọn tó kọ̀ ọ́. Ní ọjọ́ Ajé tó kọjá, mo dìde níbi tí mo dìde sí lọ́jọ́sí, mo sì kà á sókè pé àṣìṣe náà wá láti ọwọ́ ẹni tó wọ̀n ọ́n, pé ẹni tó gé e kò ní àbùkù kankan. Mo fi àwòrán òkè méjèèjì hàn wọ́n, èyí tó sanra àti èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan wúkọ́. Bàbá Sítọ́ọ̀, tó máa ń sùn ní gbogbo ìpàdé, ló la ojú, tó ní, “Ṣé ẹ ti sọ fún òun fúnra ẹ̀?”  Wọ́n ti fi ẹlòmíì ṣe olórí yàrá tuntun, ìyẹn ò dùn mí. Ìbéèrè Bàbá Sítọ́ọ̀ ló ń dùn mí, òun náà ló sì jẹ́ kí n lọ jókòó sórí àga ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n wa.

Mo mọ̀ pé ìwé tuntun ò lè dá ọdún mẹ́fà padà. Kò lè mú kí n gbé ọmọ rẹ nígbà tó ṣì ṣeé gbé lọ́wọ́ kan. Kò lè mú ẹ̀rín yẹn kúrò ní etí rẹ. Ẹ̀gbọ́n kì í kúnlẹ̀ fún àbúrò, wọ́n ní ó ń ba ilé jẹ́. Ilé tí mo ti bà jẹ́ ńkọ́? Níbi tí ọkọ rẹ bá ti ń ka gbólóhùn yìí, àbúrò mi, mo wà lórí ìkúnlẹ̀, níwájú rẹ àti níwájú Ìyá tó tọ́ wa méjèèjì. Ẹ má dá mi dìde tí inú yín ò bá tíì dùn sí i.

Ègé irin náà wà nínú lẹ́tà yìí. Mo bẹ Ọ̀gá kó yọ̀ǹda rẹ̀, ó ní irin tó kéré tó yẹn, kí ni òun fẹ́ fi ṣe. Ìwé funfun tí o fi wé e ni mo fi wé e padà. Mi ò fi àmì sí i. Mi ò sọ pé dandan ni kí o fèsì. Ṣùgbọ́n bí àpò ìwé kan bá ti ọ̀dọ̀ rẹ dé, bí kò tilẹ̀ sí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ ohun líle kékeré kan ni mo fọwọ́ kàn, màá ṣí i kí n tó jókòó.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sì bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó ka lẹ́tà gígùn yìí dé òpin. Sọ fún ọmọ rẹ pé ó ní ẹ̀gbọ́n ìyá kan tó mọ bí irin ṣe ń dáhùn, tí kò mọ bí èèyàn ṣe ń dáhùn. Orúnkún Ìyá wa, kí Ọlọ́run bá wa tọ́jú rẹ̀.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ,
tí ọwọ́ rẹ̀ kò mọ́.